Pásítẹ̀lì Tèmi, Pásítẹ̀lì Ti Dàkáà

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, kò sí ẹni tó pàdé mi láàárín géètì Jákándè sí Òkè-Àfà tí kì í bi mí pé, "Ìyá Mofẹ́, báwo ni Dàkáà ṣe rí?" Mo ti dáhùn títí ẹnu fi ń ro mí. Mo wá rò ó pé kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kà á, kí n lè ráyè ra ata mi kí n sì máa lọ sílé.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe afẹ́ ni mo bá lọ. Wọ́n rán mi níṣẹ́ ni. Mofẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí èmi àti bàbá rẹ̀ bí, lọ kọ́ èdè Faransé ní Dàkáà. Ọdún kan ló sọ fún wa. Ọdún kan di méjì, méjì di mẹ́ta, ó ríṣẹ́ ògbufọ̀ síbẹ̀, ó sì dákẹ́ ọ̀rọ̀ àtibọ̀. Àfi ìgbà tó pè wá lọ́jọ́ kan tó ní òun ti rí ọkọ. Ìbúràímà lorúkọ ọmọkùnrin náà, bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ló kù. Ìyá náà sì ti sọ pé òun kò ní dá sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kankan àfi tí òun bá fi ojú ara òun rí ìyá ọmọ.

Ọkọ mi kò pariwo. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí tó fi fẹ̀yìn tì kì í pariwo, ńṣe ló máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Ó ní òun kò ní ohunkóhun lòdì sí ọmọkùnrin náà. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, ṣebí Alhaja ni àbúrò òun gan-an. Ọ̀nà ló jìn. Ó ní òun bí ọmọ kan, òun kò sì fẹ́ kó jẹ́ inú fóònù ni òun á ti máa rí i títí ayé òun. "Ìyá Mofẹ́," ó wí, "lọ bá ìyá náà, kí o kí i dáadáa, kí o sì mú ọmọ wa bọ̀ wálé."

Mo ní mo ti gbọ́. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé mo ń ṣe iyèméjì nígbà tí mo kúrò ní Ìsọlọ̀.

Mo kó páálí pásítẹ̀lì kan dání. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé tíṣà iṣẹ́ ọnà ni mí. Fún ẹni tí kò bá mọ pásítẹ̀lì, ọ̀pá àwọ̀ kéékèèké ni, ó jọ ṣọ́ọ̀kì, a fi ń ya àwòrán, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń rọ̀ lójú. Ìdí nìyẹn tí àwọn aláṣọ Àgọ́ Palace fi ń pe pínǹkì tó ṣá tàbí búlúù tó ṣá ní pásítẹ̀lì. Èyí tó ń ti òkè òkun bọ̀ wọ́n, nítorí náà, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi la máa ń ṣe tiwa. A ó lọ ẹfun kúnná, a ó bu osùn sí i tàbí ẹ̀lú tàbí ata ilẹ̀ pupa, a ó wọ́n omi sítáàṣì sí i, a ó pò ó bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, a ó yí i lórí tábìlì, a ó sì sá a títí yóò fi gbẹ. Ilé ìdáná wa ni Mofẹ́ ti kọ́ ọ, nígbà tí orí rẹ̀ kò tíì ga tó tábìlì. Mo po páálí kan fún un. Mo rò pé tó bá ti gbóòórùn ẹ̀ báyìí, ilé á máa wù ú. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, mo mọ̀.

*Àjàṣẹ́*

Ní ẹnubodè ni páálí mi ti kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù ní kí n ṣí i, ó bi mí pé kí ni mo dì síbẹ̀. Mo ní pásítẹ̀lì. Ojú rẹ̀ là, ó sì pe ẹnìkejì rẹ̀ wá. Àwọn méjèèjì bẹ ojú wo inú páálí, wọ́n wo ara wọn, inú wọn kò dùn rárá. Àṣé oúnjẹ ni wọ́n ń retí. Ọ̀gá náà gbọ́ Yorùbá, ó ní òun ti gbé Dàkáà rí, pásítẹ̀lì ni ohun tí wọ́n ń dín lójú pópó níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹja ló ń wà nínú ẹ̀. Ó da páálí dé, ó rọra fi lé mi lọ́wọ́ bí ẹni ń dá ẹrù aláìní padà, ó ní kí n máa lọ.

Mo yà ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ẹnubodè, ní ilé ìyá àgbà kan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́. Àgùdà ni wọ́n, àwọn ìran tó ti Bùràsíìlì padà wálé láyé ọjọ́un. Inú ilé aláràbarà tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí ni ìyá náà ń gbé, wọ́n wọ bùbá funfun, Yorùbá wọn dùn ju tèmi tí Èkó ti bà jẹ́ lọ. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Wọn kò bi mí ní ohunkóhun títí tí mo fi mu ún tán.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ẹnubodè fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyá tó bí ìyá àwọn máa ń pe ohun kan ní pásítẹ̀lì, ẹran ni tiwọn máa ń wà nínú ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Bùràsíìlì nìyẹn. Wọ́n ní ìyá yẹn tún máa ń sọ pé ní ilẹ̀ Potogí gan-an, ẹyin àti ṣúgà ni wọ́n ń fi sínú ẹ̀, inú ààrò ni wọ́n sì ti ń yan án. Mo jókòó, mo ń ro ó. Àwọn Faransé ń fi orúkọ kan náà pe ọ̀pá àwọ̀ bíi tiwa, Potogí ń fi pe ohun dídùn, Bùràsíìlì ń fi pe ẹlẹ́ran, Dàkáà ń fi pe ẹlẹ́ja. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń kọ ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó, ebi kò pa mí sí i rí.

Ìyá àgbà wá bi mí pé kí ni mo ń wá lọ sí Dàkáà. Mo ní mo fẹ́ lọ mú ọmọ mi bọ̀ wálé. Wọ́n wò mí títí.

"Ṣé ọmọ náà ló ní kí o wá mú òun?"

Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n wá jẹun. Ọ̀rọ̀ náà bá mi wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Dàkáà, inú sì ń bí mi sí i, torí ta ló bi wọ́n?

*Orúkọ bàbá mi*

Atẹ́gùn ni Dàkáà fi kí mi. Òkun yí wọn ká, atẹ́gùn rẹ̀ sì tutù débi pé mo wá ìborùn, èmi tí mo ń làágùn láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá ní Jákándè. Iyanrìn ti bo ìlú náà, ilé wọn, ògiri wọn, títí kan ọ̀run wọn, gbogbo ẹ̀ ló ní àwọ̀ tó ṣá díẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé àwọn wọ̀nyí ń gbé inú páálí mi.

Mofẹ́ sáré wá bá mi, ó kúnlẹ̀ síbi tí gbogbo èèyàn ti ń kọjá, mo gbá a mọ́ra. Ó ti sanra díẹ̀. Mo ti múra láti sọ pé ó ti rù, kò jẹ́ kí n rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lọ́rùn.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé Yorùbá nìkan ló ń kí èèyàn tilétilé, ẹ lọ sí Dàkáà. Wọ́n á bèèrè àlàáfíà rẹ, wọ́n á bèèrè ti ilé, ti àwọn ọmọ, ti iṣẹ́, wọ́n á tún padà sí àlàáfíà bíi pé wọn kò bèèrè ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárín gbogbo ẹ̀, orúkọ ìdílé rẹ ni wọ́n á máa pè léraléra, ìyẹn ni àpọ́nlé níbẹ̀. Obìnrin onílé Mofẹ́ bi mí ní tèmi, Mofẹ́ ló ń túmọ̀. Mo ní Adéṣínà. Ó ní ṣé orúkọ bàbá mi nìyẹn? Mo ní rárá, ti ọkọ mi ni. Ó yà á lẹ́nu. Obìnrin tiwọn kì í sọ orúkọ bàbá rẹ̀ nù torí pé ó rọ́kọ. Ni mo bá sọ orúkọ bàbá mi, Ajíbádé, ló bá bẹ̀rẹ̀: Ajíbádé, àlàáfíà ni? Ajíbádé, ilé ńkọ́? Ajíbádé, Ajíbádé. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá Mofẹ́ ni mí ládùúgbò, Mìsíìsì ni mí níléèwé. Mo dúró lójú ọ̀nà ilé onílé, omi sì lé sí mi lójú nítorí bàbá mi tó ti kú tipẹ́.

Yàtọ̀ sí ìkíni, odi ni mo jẹ́ níbẹ̀. Èmi tí wọ́n ń bẹ̀ pé kí n dákẹ́ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, mo ń na ìka sí tòmátì bí ọmọ ọwọ́. Àwọn tó ń tajà kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n á na ìka tiwọn náà, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Mo gbé páálí fún Mofẹ́. Ó ṣí i, ó gbé èyí tí a fi osùn ṣe sí imú, ojú rẹ̀ rọ̀. "Mọ́mì, ẹ ṣé gan-an." Mo dúró kó sọ pé ilé ń wu òun. Kò sọ ọ́.

*Abọ́ kan*

Yáàyì ni wọ́n ń pe ìyá níbẹ̀. Yáàyì Kúmbà, ìyá Ìbúràímà, ga, ó dúdú, ó sì máa ń rìn láìkánjú. Pásítẹ̀lì ló ń dín ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Òun ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ mi, ó pe Ajíbádé tó ìgbà mẹ́wàá, ó sì mú mi jókòó sórí ẹní.

Ìrẹsì ẹlẹ́ja ló sè. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ kan, kí ẹ má bínú sí mi: àwọn ni wọ́n ni jọ̀lọ́ọ̀fù. Orúkọ ìlú wọn àtijọ́ ni. Mo jẹ ẹ́, mo sì panu mọ́.

Abọ́ ńlá kan ni wọ́n gbé síwájú gbogbo wa. Ibi tó bá wà níwájú rẹ ni wàá ti máa jẹ, o kò ní na ọwọ́ sí ti ẹlòmíràn. Ìyá ilé ló ń fi ọwọ́ bu ẹja àti gbágùúdá àti kárọ́ọ̀tì, tó ń jù ú síwájú àlejò. Èmi, Yáàyì, Ìbúràímà àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan la jọ yí abọ́ ká. Mofẹ́ àti àwọn ọ̀dọ́ wà nídìí abọ́ tiwọn ní yàrá kejì.

Yáàyì bu ẹja síwájú mi. Mo dúpẹ́, mo rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, mo ń jẹ ìrẹsì. Ó tún bu òmíràn, èyí tó sanra jù. Mo dúpẹ́, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bu ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́dọ̀ ìyá tó tọ́ mi ní Èkìtì, tí o bá fi ẹja ṣáájú oúnjẹ, orí rẹ á gba ìkó. Oúnjẹ ni ọmọ tó níwà ń jẹ, ẹja ló fi ń kẹ́yìn. Mo ní kí n fi hàn wọ́n pé wọ́n tọ́ mi. Mo to ẹja náà jọ dáadáa, ó di òkìtì kékeré, mo sì ń wò ó pẹ̀lú ìrètí ńlá.

Ẹ̀gbọ́n bàbá dìde. Ìbúràímà dìde. Àwọn tó bá ti yó kì í dúró de ara wọn níbẹ̀. Bí mo ṣe ní kí n yíjú sí òkìtì mi ni Yáàyì gbé abọ́ kúrò níwájú mi.

 Wọ́n se tíì, a mu ún, kò sí ẹni tó pe Ajíbádé mọ́. Mo rò pé bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n.

Nígbà tí a dé yàrá Mofẹ́ ló tó yanu.

"Mọ́mì, tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ ò bá kúkú sọ ọ́ lẹ́nu. Kí lẹ wá ń ti oúnjẹ wọn dànù lójú wọn sí?"

Ó ní Yáàyì ti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Yáàyì ní gbogbo ohun tí òun fi ọwọ́ òun fún obìnrin yìí ló tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti kọ àwọn. Òun kò sì ní gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Kí Mofẹ́ máa bá ìyá rẹ̀ lọ sílé.

Ẹ wò ó, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ti parí. Ẹnu mi kò tilẹ̀ dá sí i. Ó yẹ kí inú mi dùn, kí n pe bàbá rẹ̀ pé mo ń mú un bọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò bá mi jà, kò pariwo. Ó fa báàgì jáde lábẹ́ ibùsùn, ó kẹ̀yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, dáadáa, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ìgbọràn rẹ̀ yẹn ló dùn mí jù. Mo rí i pé bí mo bá mú un lọ báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa máa rí nínú ilé.

Mo ní, "Mofẹ́, ẹja ni mo fi ń kẹ́yìn."

Ó yíjú padà. Ó wò mí. Èmi fúnra mi ni mo kó ìkó sí i lórí ní Jákándè nítorí ẹran. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ẹkún tún padà di ẹ̀rín. Nígbà tó mí dáadáa, ó bi mí ní ohun tí mo ń sá fún.

"Tí mo bá lọ ṣàlàyé fún wọn, kí lẹ máa wá sọ tẹ̀lé e?"

*Ìyẹ̀fun*

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni a lọ. Yáàyì wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń po ìyẹ̀fun pásítẹ̀lì. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó sì tètè di apá mi mú, torí wọn kì í kúnlẹ̀ fún ẹgbẹ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Mofẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un: Èkìtì, ìyá tó tọ́ mi, ìkó, ẹja. Yáàyì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ológbò aládùúgbò ló jẹ ẹja mi, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun nu ojú.

Mo fọ ọwọ́, mo ní kó fún mi díẹ̀ pò. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ká a, mo yí i, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó ń wo ọwọ́ mi. Ó bèèrè pé ṣé èmi náà ń dín nǹkan tà ni. Mo ní kí Mofẹ́ mú páálí jáde nínú báàgì rẹ̀, mo ṣàlàyé ẹfun àti osùn àti omi sítáàṣì. Yáàyì fi búlúù fa ìlà sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀, ó gbóòórùn ẹ̀, ó bèèrè orúkọ ẹ̀. Mo sọ ọ́. Ó na ìka sí ìyẹ̀fun, ó sì sọ orúkọ kan náà. Mofẹ́ ṣàlàyé fún àwa méjèèjì ohun tó ti kà nípa ẹ̀: láti ilẹ̀ Potogí dé Faransé, ohun tí wọ́n lọ kúnná tí wọ́n sì pò ni orúkọ náà ti jáde, yálà ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ tàbí ẹ fẹ́ fi ya àwòrán. Yáàyì mi orí. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ni, kí n tún un tẹ̀ dáadáa.

A gé e róbótó, a fi ẹja tí wọ́n gún pẹ̀lú àlùbọ́sà sí i, a pa á dé, a fi fọ́ọ̀kì tẹ etí rẹ̀. Méjì tèmi tú sínú epo. Èyí tí kò tú, mo mú un bó ṣe ń gbóná, mo là á, mo yọ ẹja inú ẹ̀, mo sì kọ́kọ́ jẹ ẹja lójú Yáàyì. Ó na ọwọ́, ó lù mí ní èjìká.

Ìgbà yẹn ló wá bèèrè. Ohùn Mofẹ́ kéré bó ṣe ń túmọ̀ rẹ̀. "Wọ́n ní ṣé ẹ wá mú mi lọ ni, àbí ẹ wá fi mí sílẹ̀?"

Mo ní, "Sọ fún wọn pé mo wá mú ọmọ mi lọ sílé. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má yí i padà."

Ó sọ ọ́. Ọwọ́ Yáàyì dúró.

"Sọ fún wọn pé n kò mú un lọ mọ́. Kí wọ́n wá bá bàbá rẹ ní Ìsọlọ̀, kí wọ́n tọrọ rẹ bó ṣe yẹ. Kí wọ́n má jẹ́ kí o máa dá sunkún."

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni ọmọ mi ń ṣe, òun ló fi ń jẹun. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó tún la ẹnu. Yáàyì kò dúró dè é. Ó wò ó lójú, ó wò mí, ó dìde pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó sì fa àwa méjèèjì mọ́ra.

*Jákándè*

N kò sọ fún ọkọ mi lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tó bá rí báyìí, ojú ni a fi ń sọ ọ́. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to ohun tí mo máa wí, mo sì rò pé mo ti tò ó dáadáa.

Ó ti ń dúró sísàlẹ̀ ilé wa nígbà tí ọkọ̀ gbé mi dé. Ó ti gé irun, ó wọ ṣáàtì tó ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kí mi kú àbọ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó wá bẹ ojú wo ẹ̀yìn mi, ó wo inú ọkọ̀. Ó tún wò ó.

"Ọmọ dà?"

Gbogbo ohun tí mo tò pata ló fò lọ. Mo ní, "Bàbá Mofẹ́, ó wà nílé rẹ̀."

Kò pariwo. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú báàgì mi lórí itan, mo sì jókòó tì í. Àwọn aládùúgbò ń kọjá, wọ́n ń kí wa kú ìrìn-àjò, a ń dá wọn lóhùn, àwa méjèèjì sì ń sunkún ọmọ tí ara rẹ̀ le, tí inú rẹ̀ ń dùn.